Adágún oko mi dàwọ̀ ewé, ẹja ń kú: ṣé ẹran ló fà á ni tàbí ajílẹ̀?

Òǹkàwé kan kọ̀wé sí mi báyìí:

"Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá. Màlúù 40 ni mo ń sìn, pẹ̀lú ewúrẹ́ àti àgùntàn díẹ̀, àti ilé adìẹ kan. Adágún kan wà ní ìsàlẹ̀ oko, ibẹ̀ ni àwọn ẹran ti ń mu omi. Ó ti tó ọdún méjì tí omi náà ti ń dàwọ̀ ewé, bí ìgbà tí ènìyàn da ọ̀dà sí i. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo jí láàárọ̀, mo bá òkú ẹja lójú omi. Mo gbé omi kànga wa lọ fún àyẹ̀wò, wọ́n kọ 'náítírétì-N: 18' sínú ìwé. Mo gbọ́ pé 50 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé fi ṣe òdiwọ̀n, ọkàn mi sì balẹ̀. Ẹnì kan ní kí n ra kọ́pà súlífétì dà sínú adágún. Ẹlòmíràn ní ajílẹ̀ tí mo ń fọ́n sí oko àgbàdo ló fà á, pé kì í ṣe ẹran. Èwo ni kí n gbà gbọ́, kí sì ni kí n ṣe? A ní ọmọ oṣù mẹ́ta nílé, n kò fẹ́ fi omi ṣeré."

Ẹ ṣeun tí ẹ kọ̀wé. Kànga ni mo fẹ́ kọ́kọ́ dé, nítorí ọmọ oṣù mẹ́ta yẹn. Ẹ jọ̀ọ́, láti òní lọ, ẹ má fi omi kànga náà po wàrà ọmọ mọ́. Ẹ má sì sọ pé ẹ ó sè é kí ẹ tó lò ó. Sísè ń pa kòkòrò àrùn, ṣùgbọ́n kì í lé náítírétì lọ. Omi ló ń fà nínú ìkòkò, náítírétì ń dúró, èyí tó bá kù á wá le ju ti àkọ́kọ́ lọ.

Ìdí tí ọkàn yín fi balẹ̀ ni pé ọ̀nà méjì ni wọ́n ń gbà ka náítírétì, ó sì ń da ọ̀pọ̀ ènìyàn láàmú. Àwọn kan ń ka odindi náítírétì, ìyẹn náítírójìn àti ọ́síjìn tó so mọ́ ọn. Àwọn mìíràn ń ka náítírójìn inú rẹ̀ nìkan, àwọn ló máa ń kọ N sẹ́yìn orúkọ rẹ̀. Mílígíráàmù 50 nínú lítà omi kan tí Àjọ Ìlera Àgbáyé fi ṣe òdiwọ̀n, odindi náítírétì ni. Ti inú ìwé yín, náítírójìn nìkan ni. Ẹ fi 4.43 sọ 18 di púpọ̀, ẹ ó rí i pé ó tó nǹkan bí 80. Ní Amẹ́ríkà, náítírójìn nìkan ni wọ́n ń kà, 10 sì ni òdiwọ̀n tiwọn. Ọ̀nà yòówù kí ẹ gbà kà á, omi yín ti kọjá ààlà dáadáa.

Ọdún 1945 ni dókítà kan ní ìpínlẹ̀ Iowa ní Amẹ́ríkà, Hunter Comly, kọ ọ́ sílẹ̀ pé àwọn ọmọ ọwọ́ tí wọ́n ń fi omi kànga oko po wàrà fún ń yí àwọ̀ padà, ara wọn ń dà bí ẹni tí wọ́n fi aró pa. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ni pé nínú ara ọmọ kékeré, náítírétì ń di náítíráìtì, náítíráìtì sì ń dí ẹ̀jẹ̀ lọ́wọ́ láti gbé ọ́síjìn kiri. Àwọn ọmọ tí kò tíì pé oṣù mẹ́fà ló wà nínú ewu jù. Bí ọyàn nìkan ni ọmọ yín ń mu, ẹ̀rù ibẹ̀ kéré, torí náítírétì tí ìyá bá mu kì í fi bẹ́ẹ̀ wọ inú ọyàn. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá rí i tí ètè rẹ̀ tàbí èékánná rẹ̀ ń dúdú bí aró, ẹ má dúró wo ohunkóhun, ilé ìwòsàn ni. Ní ti màlúù, 80 kì í ṣe ohun tó ń pa wọ́n, bí koríko tí wọ́n ń jẹ kò bá ti kún fún náítírétì tirẹ̀.

Ó kan ìbéèrè tó wà láàárín ẹ̀yin àti àwọn agbaninímọ̀ràn yín: ẹran ni tàbí ajílẹ̀?

Ohun kan náà ni àwọn méjèèjì ń gbé wá. Náítírójìn àti fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì tó wà nínú àpò ajílẹ̀ ló wà nínú ìgbẹ́ àti ìtọ̀ ẹran. Oúnjẹ ni fún ohun tó ń hù, omi kò sì mọ èyí tó ti inú àpò wá yàtọ̀ sí èyí tó ti inú màlúù wá. Nítorí náà, èmi kì í sọ fún àgbẹ̀ pé omi rẹ̀ ní májèlé. Mo máa ń sọ fún un pé omi rẹ̀ ti yó jù. Wọ́n ń bọ́ adágún yín lójoojúmọ́, ó sì ń sanra. Bí ẹ bá gba èyí, gbogbo ohun tí mo fẹ́ sọ yóò tẹ̀lé ara wọn.

Bí ẹ ṣe ṣàlàyé oko yín, ọ̀dọ̀ ẹran ni mo máa kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Màlúù kì í fi gbogbo ohun tó jẹ ṣe ara. Nínú náítírójìn tó bá oúnjẹ wọ inú rẹ̀, bóyá ìdá kan nínú mẹ́rin ló ń di wàrà tàbí ẹran ara, nígbà mìíràn kì í tó bẹ́ẹ̀. Ìyókù ń jáde. Màlúù oníwàrà tó tóbi lè ya ìgbẹ́ àti ìtọ̀ tó ju 50 kílò lọ lójúmọ́ kan. Tiyín lè máà tó bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n 40 ni wọ́n, kò sì sí ọjọ́ ìsinmi nínú rẹ̀. Ẹ tún wo oúnjẹ tí ẹ ń rà wá láti ìta fún adìẹ àti ẹran: orí ilẹ̀ ẹlòmíràn ló ti hù, inú oko yín ló ń parí sí. Bí ohun tó ń wọlé bá ń pọ̀ ju ẹran, ẹyin àti wàrà tó ń jáde lọ, oko yín náà ló ń gbé èyí tó ṣẹ́kù.

Náítírójìn àti fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì kì í rìn bákan náà, òun ló jẹ́ kí kànga yín àti adágún yín ní àìsàn ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Náítírétì ń yọ́ sínú omi bí iyọ̀, ilẹ̀ kì í sì dì í mú, ó ń bá omi òjò sọ̀ kalẹ̀ lọ sí ìsàlẹ̀ ilẹ̀ títí yóò fi kan omi kànga. Ẹ wo ibi tí màlúù kan tọ̀ sí lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Lójú kan yẹn, náítírójìn tó dà sílẹ̀ tó ohun tí ènìyàn ń rí bó bá fọ́n 500 sí 1,000 kílò rẹ̀ sórí hẹ́kítà kan. Kẹ́ ẹ lè mọ bó ṣe pọ̀ tó, òfin tí Ìṣọ̀kan Yúróòpù ṣe ní 1991 lórí náítírétì sọ pé ní agbègbè tí omi rẹ̀ wà nínú ewu, náítírójìn tó ti ara ẹran wá kò gbọ́dọ̀ ju 170 kílò lọ lórí hẹ́kítà kan láàárín odindi ọdún. Koríko abẹ́ ìtọ̀ yẹn kò lè jẹ ẹ́ tán láé. Lórí pápá tó fẹ̀, ó ń fọ́n ká, kò burú. Ṣùgbọ́n níbi tí ẹran ń kó jọ sí, lábẹ́ igi ibòji, lẹ́nu géètì, nínú ọgbà tí wọ́n ń sùn, ojú kan náà ló ń rọ̀ sí lójoojúmọ́. Bí kànga yín bá wà nítòsí irú ibẹ̀, tàbí nísàlẹ̀ rẹ̀, a ti rí ọ̀kan nínú àwọn tí à ń wá.

Fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì kì í fẹ́ wọ ilẹ̀ ní tirẹ̀. Ó ń lẹ̀ mọ́ erùpẹ̀, erùpẹ̀ ló sì ń gùn bí ẹṣin: ibi tí àgbàrá bá gbé ẹrẹ̀ lọ, ibẹ̀ ló ń lọ. Èyí tó dẹ́rù bà mí nípa rẹ̀ ni bó ṣe kéré tó kó tó ṣe ọṣẹ́. Mílígíráàmù 0.03 nínú lítà kan ti tó láti mú adágún dàwọ̀ ewé. Ìyẹn ni pé gíráàmù kan péré lè da omi tó ju 30,000 lítà láàmú, màlúù kan sì ń ya ọ̀pọ̀ gíráàmù rẹ̀ lójúmọ́.

Bóyá ẹ ó ní báwo la ṣe mọ̀ pé fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì ni. Ní 1973, onímọ̀ kan tó ń jẹ́ David Schindler àti àwọn alábàáṣiṣẹ́ rẹ̀ mú adágún kan ní Ontario ní Kánádà, adágún tí wọ́n fún ní nọ́ńbà 226, wọ́n fi aṣọ ọ̀dà pín in sí méjì láàárín. Wọ́n da káábọ́ọ̀nù àti náítírójìn sí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, wọ́n sì fi fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì kún ti ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo. Ẹ̀gbẹ́ tó rí fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì dàwọ̀ ewé pátápátá, ìkejì mọ́ bí ó ti wà. Wọ́n ya fọ́tò rẹ̀ láti òkè, ẹni tí kò kàwé rárá yóò wò ó, yóò sì mọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Láti ìgbà náà, bí àgbẹ̀ bá ní owó díẹ̀ tó fẹ́ ná lórí adágún, fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì ni mo máa ń ní kó ná an lé lórí.

Ní ti àwọn ẹja yín, ẹ ní àárọ̀ lẹ bá òkú wọn. Ọ̀rọ̀ wà nínú àárọ̀ yẹn. Ewédò tó mú omi dàwọ̀ ewé, ohun abẹ̀mí wẹ́wẹ́ ni, ó ń ṣe ọ́síjìn lójú oòrùn. Bílẹ̀ bá ti ṣú, kò lè ṣe é mọ́, òun náà á máa fà á lò. Èyí tó ti kú nínú rẹ̀ ń jẹrà nísàlẹ̀, ìjẹrà ń jẹ ọ́síjìn sí i. Ìdájí, kí oòrùn tó yọ, ni ọ́síjìn máa ń kéré jù. Mo ti jókòó sétí irú adágún bẹ́ẹ̀ rí ní ìdájí. Ìró kan ni mo kọ́kọ́ gbọ́, tín-ín-rín, bí ìgbà tí ọmọ ọwọ́ ń mu ọyàn. Nígbà tí mo tan tọ́ọ̀ṣì, ẹja ni, ọ̀pọ̀ rẹpẹtẹ, wọ́n na ẹnu sókè lójú omi, wọ́n ń gbé e mì díẹ̀díẹ̀. Mo sún mọ́ wọn débi pé mo lè fọwọ́ kàn wọ́n, kò sí èyí tó sá. Kí ilẹ̀ tó mọ́ tán, ọ̀pọ̀ wọn ti yí ikùn sókè. Kò sẹ́ni tó da májèlé sí wọn.

Ìdí nìyí tí mo fi bẹ̀ yín pé kí ẹ má da kọ́pà súlífétì sí i. Yóò pa ewédò lóòótọ́, omi á sì mọ́ fún bíi ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Ṣùgbọ́n gbogbo èyí tó bá pa máa jẹrà lẹ́ẹ̀kan náà, ọ́síjìn tó kù á tán, ẹja tó ṣẹ́kù á sì bá a lọ. Kọ́pà yóò rọ̀ sínú ẹrẹ̀ ìsàlẹ̀, kò ní kúrò níbẹ̀. Ẹ sì ní àgùntàn. Nínú gbogbo ẹran ọ̀sìn, àgùntàn ni kọ́pà tètè ń pa jù. Lẹ́yìn gbogbo rẹ̀, fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì tó ń bọ́ ewédò ṣì wà nínú omi digbí, àwọ̀ ewé á padà. A kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá.

Ewu kan tún wà tó ju ti ẹja lọ. Nínú àwọn tó ń mú omi dàwọ̀ ewé, irú kan wà tí àwọn onímọ̀ ń pè ní sayanobakitéríà, tó ń ṣe oró. Láti 1878 ni George Francis ti kọ ọ́ pé màlúù, àgùntàn, ẹṣin, ajá àti ẹlẹ́dẹ̀ ń kú létí adágún Alexandrina ní Ọsirélíà lẹ́yìn tí wọ́n mu omi tí èéhó aláwọ̀ ewé bò. Ní oṣù kẹjọ 2014, irú oró yìí wọ omi ẹ̀rọ ìlú Toledo ní Amẹ́ríkà láti adágún Erie, wọ́n sì sọ fún nǹkan bí ìdajì mílíọ̀nù ènìyàn pé kí wọ́n má mu ún. Ìgbẹ́ àti ajílẹ̀ oko wà lára ohun tó fà á.

Ọ̀nà kan wà tí ẹ lè gbà fojú ara yín yẹ tiyín wò. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́, kí ẹ ti igi gígùn bọ inú èéhó náà, kí ẹ fà á sókè. Bí ohun tó so kọ́ ọn bá dà bí irun tútù tàbí òwú, ewédò lásán ni, ẹ̀rù rẹ̀ kò pọ̀. Bí igi bá jáde bí ẹni tó ti inú ọ̀dà bọ̀, ẹ fura. Lẹ́yìn náà, ẹ bu omi náà sínú ìgò tó mọ́ gaara, kó kún dé ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin, ẹ dé e, kí ẹ gbé e síbi òkùnkùn tó tutù di ọjọ́ kejì láìmì ín. Sayanobakitéríà sábà máa ń léfòó, á ṣe òrùka àwọ̀ ewé sókè ìgò. Àwọn yòókù sábà máa ń rọlẹ̀. Èyí kò lè rọ́pò àyẹ̀wò, ṣùgbọ́n ó tó láti pinnu ohun tí ẹ máa ṣe lónìí: bí ọ̀dà bá bá igi jáde tàbí òrùka dúró lókè ìgò, kò sí ẹran tó gbọ́dọ̀ mu omi yẹn. Kí ẹ sì ṣọ́ etí omi tí atẹ́gùn ń fẹ́ sí, ibẹ̀ ni èéhó ń kó jọ sí, kódà nígbà tí àárín adágún mọ́.

Iṣẹ́ gan-an, òkè ló ti máa bẹ̀rẹ̀, adágún ló máa kẹ́yìn. Nígbà tí òjò ńlá bá tún rọ̀, ẹ wọ bàtà òjò kí ẹ jáde síta. Mo mọ̀ pé òjò kì í ṣe ìgbà ìrìn, ṣùgbọ́n wákàtí kan lábẹ́ òjò máa kọ́ yín ju ìwé àyẹ̀wò mẹ́wàá lọ. Ẹ dúró sétí adágún, kí ẹ wo ibi tí àgbàrá ti ń wọlé. Ẹ tẹ̀ lé e padà sẹ́yìn, ìṣísẹ̀ kan lẹ́yìn òmíràn. Èyí tó bá mọ́, ẹ fi í sílẹ̀. Èyí tó bá pọ́n bíi tíì, ẹ máa tẹ̀ lé e títí ẹ ó fi rí ibi tó ti mú àwọ̀. Mi ò tíì rìn ín rí lórí oko ẹlẹ́ran kí n má bá a níbi mẹ́ta wọ̀nyí: ìdí òkìtì ìgbẹ́, ojú ọgbà tí ẹran ń dúró sí, àti etí omi tí pátákò ti tẹ̀ di ẹrẹ̀.

Òrùlé lẹ ó kọ́kọ́ tún ṣe, torí òun ló rọrùn jù. Òrùlé ilé adìẹ tó bá gùn ní mítà 10 tó sì fẹ̀ ní mítà 10, bí òjò tó rọ̀ bá jẹ́ mílímítà 10, omi 1,000 lítà ló ń dà sílẹ̀ láti orí rẹ̀. Omi mímọ́ ni. Bó bá já sí ojú ọgbà ẹran, 1,000 lítà omi ìgbẹ́ ló di yẹn. Ẹ fi gọ́tà sí etí òrùlé, kẹ́ ẹ darí rẹ̀ gba ibòmíràn, tàbí sínú àgbá, kí ẹran máa rí i mu. Lókè ọgbà ẹran, ẹ gbẹ́ ojú àgbàrá kékeré kan tí yóò mú omi tó ń bọ̀ láti òkè yípo. Àgbàrá òjò kò lóun ò nílé wó, onílé ni ò ní gbà fún un.

Òkìtì ìgbẹ́ gbọ́dọ̀ kúrò lójú ọ̀nà omi, kó jìnnà sí kànga, kó má sì wà lókè rẹ̀. Ẹ gbé e sórí ilẹ̀ líle tí omi kì í gbà kọjá, ẹ bò ó. Ọ̀rá tí wọ́n ń lò fún oko tó, bí kò bá ti ya.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ mú màlúù kúrò nínú omi. Bí wọ́n bá wọ inú rẹ̀ láti mu, inú rẹ̀ náà ni wọ́n máa yà sí, wọ́n á sì fi pátákò wó etí rẹ̀. Ẹ gbé ọpọ́n ìmumi sókè, síbi tó gbẹ, kí ẹ da òkúta wẹ́wẹ́ sí ìdí rẹ̀. Ní Virginia ní Amẹ́ríkà, àwọn olùwádìí gbé ọpọ́n sí pápá tí odò gbà kọjá láìfi ọgbà dí odò náà rárá. Nǹkan bí ẹ̀ẹ̀mẹsàn-án nínú mẹ́wàá, ọpọ́n ni màlúù ń yàn. Wọn kò fẹ́ràn ẹrẹ̀ ju àwa náà lọ. Ní Alberta ní Kánádà sì rèé, àwọn ọ̀dọ́ abo màlúù tó ń mu omi mímọ́ sanra ju àwọn tó ń mu omi adágún lọ, nítorí náà owó ọpọ́n kì í ṣe owó tó wọgbó. Bí agbára bá wà, ẹ fi wáyà yí adágún ká.

Láàárín wáyà àti omi, ẹ jẹ́ kí koríko dí dáadáa. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ń gbẹ́kẹ̀ lé koríko yìí ju bó ti yẹ lọ. Bí omi bá tàn tẹ́ẹ́rẹ́ gba inú rẹ̀ kọjá, yóò sẹ́ ẹrẹ̀ mọ́lẹ̀, fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì inú rẹ̀ á dúró. Bí omi bá ti la ojú kan ṣoṣo gba àárín rẹ̀, ó ti di gọ́tà, koríko méjèèjì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kàn ń wò ó ni. Ẹ máa dí irú ojú bẹ́ẹ̀ bẹ́ ẹ bá ti rí i.

Lórí oko àgbàdo, ẹni tó dárúkọ ajílẹ̀ kò jẹ̀bi pátápátá. Bí ẹ bá ń da ìgbẹ́ sí oko, tí ẹ sì tún ń fọ́n ajílẹ̀ àpò lé e bí ẹni pé ìgbẹ́ kò sí níbẹ̀, ìlọ́po méjì lẹ̀ ń ṣe. Ìgbẹ́ adìẹ ló burú jù nínú èyí. Fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì inú rẹ̀ pọ̀ gan-an sí náítírójìn rẹ̀, tí ẹ bá fi wá náítírójìn tó tó fún àgbàdo, fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì á ti kọjá ohun tí àgbàdo lè lò. Ẹ yẹ ilẹ̀ wò ná. Bí fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì ibẹ̀ bá ti pọ̀, ẹ gbé ìgbẹ́ lọ sí ilẹ̀ tó ṣaláìní, tàbí kí ẹ tà á fún aládùúgbò. Ẹ má fọ́n ohunkóhun nígbà tí òjò ńlá ń bọ̀. Fún adìẹ, ẹ bi ẹni tó ń ta oúnjẹ wọn bóyá fáìtéèsì wà nínú rẹ̀. Ọ̀pọ̀ fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì inú ọkà ni adìẹ kò lè dà nínú ikùn, fáìtéèsì ń bá a tú u sílẹ̀, èyí tó ń bá ìgbẹ́ jáde á sì dín kù. Màlúù kò nílò rẹ̀, inú tirẹ̀ ń ṣe é fúnra rẹ̀.

Mo fẹ́ sọ òótọ́ kan fún yín, kí ẹ má bàa rò pé mo tàn yín nígbà tó bá yá. Bí ẹ bá ṣe gbogbo èyí lọ́dún yìí, adágún lè tún dàwọ̀ ewé lọ́dún tó ń bọ̀. Ẹrẹ̀ ìsàlẹ̀ rẹ̀ ti jẹ yó láti ọdún wọ̀nyí wá. Fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì so mọ́ irin inú ẹrẹ̀ yẹn, bí ọ́síjìn bá sì ti tán nísàlẹ̀ omi, irin á tú u sílẹ̀, á padà sókè láti bọ́ ewédò. Ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ ló ti rẹ̀ níbi yìí, wọ́n ní iṣẹ́ náà kò ṣiṣẹ́, wọ́n sì ṣí wáyà fún màlúù padà. Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ̀rọ tó ń fẹ́ atẹ́gùn sínú omi lè ràn yín lọ́wọ́, pàápàá lóru, ó sì lè gba àwọn ẹja tó kù là. Ẹ sì lè kó ẹrẹ̀ ìsàlẹ̀ jáde nígbà tí omi bá fà, kí ẹ lò ó lórí oko tó jìnnà sí omi. Áláọ̀mù, ìyẹn iyọ̀ tí wọ́n fi ń mú omi tòrò, náà máa ń de fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì mọ́lẹ̀, ṣùgbọ́n bí ẹ bá ṣi òdiwọ̀n rẹ̀, ó ń sọ omi di kíkan, kíkan yẹn sì lè pa ẹja. Ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe ni kó bá yín ṣe é, lẹ́yìn tí ohun tó ń ti òkè wá bá ti dúró.

Kànga náà kò ní yá kíákíá. Náítírétì tó ti wà lójú ọ̀nà nínú ilẹ̀ ṣì ń bọ̀, ó lè gba ọdún mélòó kan. Ẹ gbé omi rẹ̀ lọ fún àyẹ̀wò lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún, lẹ́yìn òjò àti nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, kí ẹ máa kọ ọ́ sínú ìwé kan náà. Nígbàkúùgbà tí ẹ bá gba èsì, ẹ kọ́kọ́ wò ó bóyá N wà lẹ́yìn orúkọ rẹ̀.